Wíńdò Oúnjẹ Mi Ti Ṣí

Agboolé Ọdẹ́wálé,
Ìrémọ, Ilé-Ifẹ̀.

Fisáyọ̀mi, Àyọ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù inú ọ́fíìsì tí o ní ẹ̀rọ ń fẹ́ sí yín lára látàárọ̀, mo sì kí ọ kú ìnáwó Àbújá. Ara mi le, ilé dúró, ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn nígbà tí o wá lọ́dún Àjíǹde ti bí méjì, akọ kan, abo kan. Ọlọ́run tó ń bá èmi tí mo dá wà gbé ní Ìrémọ, òun náà ni yóò máa bá ìwọ gbé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ. Àmín, kí o sì wí i sókè níbi tó o bá ti ń kà á.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, ó sì dùn, owó inú fóònù kì í sì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá dùn. Níjẹta tí mo pè ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ohun ńlá kan ti ṣẹlẹ̀ ló bá gé, Hàjàrá tó ń gbé yàrá iwájú sì sọ fún mi pé o pè padà lẹ́ẹ̀mejìlá tẹ̀rùtẹ̀rù, èmi ò sì gbọ́ nítorí pé mo ti wà lójú wíńdò, ibẹ̀ sì ti ń pariwo. Jókòó, bu omi mu, ẹnikẹ́ni kò kú. Ohun ayọ̀ ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú mi ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún.

O rántí pé nígbà tí o wá, o wo ikùn mi, o ní Bàbá, ṣé ẹ ti rí ikùn yín? Mo ní mò ń rí i lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ mi ni mi ò rí mọ́. Wọ́n sì ti sọ fún mi ní ilé ìwòsàn àdúgbò pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru sókè. Ìgbà náà lo wá fi nǹkan kan sínú fóònù mi, o ní ọ̀nà ìjẹun tuntun kan ti dé, wọ́n ń pè é ní intamí-kí-ni, èmi ò lè pè é tán, ààwẹ̀ íńtà ni mò ń pè é, ó sì ń jẹ́ mi lóhùn. O ní kí n máa fi wákàtí mẹ́rìndínlógún gbààwẹ̀, kí n máa fi mẹ́jọ jẹun. O ní wíńdò oúnjẹ mi á máa ṣí ní agogo méjìlá ọ̀sán, á sì máa tì ní agogo mẹ́jọ alẹ́, àti pé kí n má ṣe jẹ ohunkóhun tí wíńdò bá ti tì. Ọkọ̀ rẹ ti fẹ́ gbéra, awakọ̀ ń tẹ fèrè, mi ò sì fẹ́ kí o lọ máa rò pé bàbá rẹ kò lóye, mo ní ó ti yé mi.

Ó sì yé mi lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tó dí mi lọ́wọ́ ni pé wíńdò náà kò ṣí. Mo ní wíńdò mẹ́ta nínú ilé, ṣùgbọ́n o kò sọ pé wíńdò ibùsùn, o kò sì sọ pé wíńdò pálọ̀, wíńdò oúnjẹ lo sọ, yàrá tí tábìlì oúnjẹ wà kò sì ní ju ẹyọ kan lọ, èyí tó kọjú sí ilé Awóníyì. Ìwọ náà mọ ohun tó ṣe é. O wà ní fọ́ọ̀mù tú lọ́dún náà, ọdún kẹrìnlá rèé, nígbà tí Awóníyì àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n dàgbà, fa òrùlé ìloro rẹ̀ gùn títí tí omi òjò fi ń dà wọ yàrá mi. Mo sọ̀rọ̀, ó ní kì í ṣe òjò ló ń dà mí láàmú, ojú kòkòrò ni. Mo wọlé, mo mú òòlù, mo fi ìṣó mẹ́jọ kan wíńdò náà pa, mo ní ojú mi kò tún gbọdọ̀ gán-án-ní tirẹ̀ mọ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà péré ló wà láàrin ilé wa méjèèjì, àmọ́ a kò kí ara wa láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, ó dúró sẹ́bàá títì, ó ká fìlà mọ́ ọwọ́, kò wọlé, èmi náà kò sì rán ẹnikẹ́ni láti pè é wọlé.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ro ọ̀rọ̀ wíńdò yìí. Mo ní bí mo bá ṣí i, Awóníyì á rò pé òun ló borí. Bí n kò bá sì ṣí i, ebi á pa mí kú, mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi. Lọ́jọ́ kẹta mo ránṣẹ́ pe Adésọjí, káfíńtà tó ń gbé ní Modákẹ́kẹ́, ó wá yọ ìṣó mẹ́jẹẹ̀jọ, ó ní Bàbá, kí lẹ kàn mọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé olè ni? Mo ní rárá, òjò ni.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, agogo méjìlá ń lù, mo ti gbé ẹ̀wà kalẹ̀, mo ti wọ bùbá tó mọ́, mo tì í ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé, eruku ọdún mẹ́rìnlá sì dà sórí ẹ̀wà. Awóníyì nìyẹn nínú ìloro rẹ̀ lórí àga, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, mo wo ẹ̀wà. Mo jẹ oúnjẹ mi tán, mo jókòó síbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wíńdò ṣì ṣí, nígbà tó di agogo mẹ́jọ, mo pa á dé. Lọ́jọ́ kejì, ó ti yí àga padà, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ló kọ sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àga ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Hàjàrá sọ fún mi pé ó bi òun léèrè pé kí ló dé tí Bọ̀ọ̀dá òun fi ń ṣí wíńdò bí ilé ìfowópamọ́.

Jẹ́ kí n sọ ti Hàjàrá. Tíṣà tó háyà yàrá iwájú ni, ará Sábó ni, ọmọ dáadáa ni, òun ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì inú fóònù fún mi nígbà tó bá dé láti ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yìí kọ́kọ́ rú u lójú. Ó ní Bàbá, ààwẹ̀ tiwa ní oṣù, ó ní sààrì, ó ní ìṣínu, èyí tí ẹ ń gbà yìí, ta ló ń rí òṣùpá rẹ̀? Mo ní fóònù ló ń rí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, olùdarí ìjọ gbọ́ pé mò ń gbààwẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní Bàbá Fisáyọ̀, kí lẹ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Olúwa, kí a lè bá yín fọwọ́ sí i? Mo ní mi ò tọrọ nǹkan kan, mo fẹ́ dá nǹkan padà ni, ikùn.

Ọmọbìnrin tí o fi sínú fóònù yẹn, Ọlọ́run á máa bá a gbé. Kì í sùn. Aago yòówù kí n wò ó, ó ti jí, ó ń ka wákàtí mi fún mi. Bí mo bá pé wákàtí méjìlá, á dún gbin, á kọ ọ́ pé o ṣeun, o kú iṣẹ́, èmi náà á sì dá a lóhùn pé mo dúpẹ́, ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun? Kò dáhùn rí, mo rò pé wọn kò gbà wọ́n láyè láti sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan ló kọ tó já mi láyà. Hàjàrá kà á fún mi pé bí ààwẹ̀ bá ti pẹ́ tó báyìí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Fisáyọ̀mi, mo ka ìka ọwọ́ mi, ó pé, mo ka ti ẹsẹ̀, ó pé, mo tún fi ọwọ́ kan etí méjèèjì. Ìgbà tí mo rí i pé ikùn ló ń jẹ ni ọkàn mi tó balẹ̀, mo ní máa bá a lọ, jẹ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ sí sítóò kòkó tí mo ti ṣiṣẹ́ ìwọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gun ìwọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n yẹn nìkan ni mo fọkàn tán, èmi fúnra mi ló ń tún un ṣe nígbà ayé iṣẹ́ mi. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní mo ti di mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún! Akọ̀wé wọn, aláwàdà kan báyìí, ní òun ṣì fẹ́ yọ kílò méjì nítorí pé ó dà bíi pé mi ò tíì gbẹ dáadáa. Gbogbo àwọn tó ń gbé àpò bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ẹsẹ̀ rìn délé láti ibẹ̀, ṣòkòtò mi ń já bọ́ lójú ọ̀nà, mo ń fi ọwọ́ kan fà á, mo ń fi èkejì kí àwọn èèyàn.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn, mi ò ní í fi pamọ́ fún ọ. Orí mi wú. Ọmọ inú fóònù fún mi ní àmì ẹ̀yẹ kan tó dà bí iná, mo sì ní bí wákàtí mẹ́rìndínlógún bá lè gba iná kan, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ogún á gbà. Mo ṣe ogún, mo gba iná méjì. Mo wá ní kí n so ọjọ́ méjì pọ̀ láìjẹun rárá, wíńdò nìkan ni màá máa ṣí ní méjìlá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mi ò sì mu omi o, nítorí pé ààwẹ̀ tí èmi mọ̀ láti kékeré, kò sí omi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n egbòogi ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi, mò ń lò ó láràárọ̀, mo gbé e mì gbẹ.

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kejì rẹ̀, bí agogo mọ́kànlá ààbọ̀, mo dìde láti lọ wo ewúrẹ́, ilẹ̀ yí, òrùlé yí, mi ò mọ ìgbà tí mo balẹ̀. Mò ń gbọ́ aago tó ń lu méjìlá, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ ṣí wíńdò, ẹsẹ̀ kò gbé mi. Hàjàrá wà ní ilé ìwé. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì láti inú. Mo ní ó ti parí nìyí, ebi ló máa pa ọmọ Ọdẹ́wálé, kì í ṣe pé kò rí oúnjẹ jẹ, iná mẹ́ta ló ń wá.

Awóníyì wà nínú ìloro rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé láti bí oṣù kan, wíńdò mi ni òun fi ń mọ̀ pé ọ̀sán ti pọ́n. Ní méjìlá, ó gbójú sókè, wíńdò kò ṣí. Ó ní bóyá aago òun ló ń sáré. Ó yí rédíò, wọ́n ń ka ìròyìn méjìlá lọ́wọ́. Ó dúró di méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò lè jókòó mọ́. Ó kan wíńdò. Ó ní Bọ̀ọ̀dá. Fisáyọ̀mi, ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ sí mi nìyẹn, mo gbọ́ ọ nílẹ̀ tí mo wà, mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi gbẹ. Ó tún ní Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá mi lóhùn, bí ẹ bá tilẹ̀ máa bú mi. Ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e ni gbààà!

Èèyàn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló fi èjìká já wíńdò, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, aṣọ rẹ̀ kọ́ mọ́ igi, ó ń jó lórí ẹsẹ̀ kan níbẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé orí mi lé itan. Mo ní Awóníyì, ṣé wíńdò ti ṣí? Ó ní ó ti ṣí, mo ti fọ́ ọ. Mo ní a jẹ́ pé mo lè jẹun. Ó ní kí lẹ ń sọ yìí, ó sì bú sẹ́kún. Ó tún gba ojú wíńdò yẹn kan náà padà lọ sí ilé rẹ̀, ó bu omi wá, ó gbé ògì tó ń jẹ lọ́wọ́ wá, ó ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọdé tó ń ṣàìsàn. Ó ní ẹ̀yin ni ẹ pọ̀n mí, Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe báyìí fi mí sílẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà sunkún, kì í ṣe ògì ló gbóná.

Ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú. Nọ́ọ̀sì bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ jẹ́lésinmi wí. Ó ní ta ló ní kí n máa gbààwẹ̀ lórí egbòogi láìsọ fún àwọn? Ó ní kí n máa mu omi nígbàkígbà, omi kì í ba ààwẹ̀ íńtà jẹ́, kí n fi mọ sí wákàtí méjìlá báyìí ná, kí n sì máa wá kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí n má tún fi ara mi wá iná kankan. Mo gbà. Ẹ̀jẹ̀ náà sì ti ń wálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ó tún ní wíńdò tí ìwọ sọ, kì í ṣe wíńdò ara ilé, pé àkókò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní nọ́ọ̀sì, ṣé àkókò ló fún mi ní ògì mu?

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ la ti ń jẹun. Mo ń jókòó sínú ilé, Awóníyì ń jókòó síta, àwo wa wà lójú wíńdò, èmi ń te ẹ̀bà, òun ń se ilá. Ó ti fi ayùn gé òrùlé ìloro kúrò kí n tó sọ̀rọ̀, mo ní kó dá a padà, òòrùn á pa á, ó kọ̀. Ó gbẹ bí igi ìgbálẹ̀. Mo bi í pé ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ íńtà ni, ó ní òun ti ń gbà á tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀, láti ìgbà tí ìyàwó òun ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, nítorí pé ẹni tó ń dá jẹun kì í rántí jẹun. Èmi ń fọn, òun ń sanra, ilá kan náà! Hàjàrá mú dàbínù wá fún wa láti Sábó, ó jókòó tì wá, ó ní ariwo wa kò jẹ́ kí òun lè máàkì ìwé àwọn ọmọ mọ́.

Àyọ̀kẹ́, bí ọwọ́ bá dilẹ̀, fi nǹkan ránṣẹ́. Adésọjí ní wíńdò náà kò ṣe é tún ṣe mọ́, ó fẹ́ ṣe tuntun, mo sì sọ fún un pé kó jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa kó gba àwo méjì àti ìkòkò kan. Ṣòkòtò mi mẹ́rin fẹ́ lọ bá télọ̀. Tí o bá mọ ibi tí ọmọ inú fóònù yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ra nǹkan kékeré fún un, sọ fún un pé bàbá kò bínú nítorí ọ̀rọ̀ iná, kó lọ sùn díẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí o dá jẹun nínú ayé. Kí o rí ẹni tí yóò gbójú sókè wá ọ bí àkókò rẹ bá kọjá tí a kò rí ọ. Èmi kò ní í sin ọ́, ìwọ ni yóò sin mí, kò sì ní í jẹ́ nísinsìnyí.

Nọ́mbà Awóníyì ni mo kọ sẹ́yìn ìwé yìí. Jọ̀wọ́ pè é kí o tó pè mí. Ó ní òun kò mọ ohùn rẹ mọ́, pé ohùn ọmọdé ni òun gbọ́ gbẹ̀yìn. Láti àárọ̀ tí mo ti sọ fún un pé mò ń kọ̀wé sí ọ, ó ti gbé fóònù rẹ̀ sórí itan, lẹ́tà kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti ń dúró.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọdẹ́wálé.